Ṣé ká fòfin de ọ̀rọ̀ lásán láàárín àwa ọ̀rẹ́?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀yin ará, ẹ bá wa dá sí i. Àwa 27 la jọ jáde ilé ìwé girama tí a jọ wà nínú gúrúùpù WhatsApp kan. Lójoojúmọ́, ọ̀rọ̀ wa kò ju ẹ káàárọ̀, kí lẹ sè, àwòrán ọmọ, àríyànjiyàn bọ́ọ̀lù, àti àdúrà tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti ibòmíràn. Iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ wa kan ní Ìkòròdú láti ọdún tó kọjá, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìgbà tí onílé kó ẹrù rẹ̀ síta la tó gbọ́, ẹnu aládùúgbò la sì ti gbọ́ ọ. Ìjà wá bẹ́ sílẹ̀. Àwọn kan ní ọ̀rọ̀ lásán ló bo ọ̀rọ̀ gidi mọ́lẹ̀, kí ádímìn ti gúrúùpù pa, kó jẹ́ ọ̀rọ̀ pàtàkì nìkan la ó máa gbé síbẹ̀. Àwọn kan ní ká dá owó, ká sì to orúkọ ẹni tó dá a àti iye tó dá. Àwọn tó kù ní ẹni tí kò bá sọ ìṣòro rẹ̀, ẹ̀bi ara rẹ̀ ni. Ọjọ́ Àìkú la fẹ́ dìbò. Kí lẹ rí sí i?

* * *

ÈSÌ KÌÍNÍ

Èmi kan náà ni mo kọ gbogbo èsì wọ̀nyí, sí ìbéèrè òkè yìí àti sí ohun tí àwọn tó kà á tún ń sọ tí wọ́n sì ń bèèrè. Ẹ má ti gúrúùpù náà pa. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń bójú tó irú gúrúùpù bẹ́ẹ̀, n kò sì tíì rí ibi tí wọ́n ti fòfin de ọ̀rọ̀ lásán tí ọ̀rọ̀ gidi wá ń jáde. Gbogbo ẹnu ló máa ń pa mọ́. Ta ló fẹ́ kó jẹ́ pé ìgbà tí òun ó kọ́kọ́ lanu láàárín oṣù mẹ́ta, owó ilé ni òun ó máa tọrọ níwájú gbogbo èèyàn? Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ń bá wọn jiyàn lánàá lórí bóyá ẹ̀wà olóyin dùn ju ẹ̀wà funfun lọ, kò ní nira fún un láti sọ lónìí pé, "Ẹ jọ̀ọ́, nǹkan ò rọgbọ lọ́dọ̀ mi."

Ìkíni wa fúnra rẹ̀, ìwádìí ni. Ẹ wo bí àwọn ìyá wa ṣe ń kí ara wọn lẹ́nu ọ̀nà ọjà: ṣé ẹ jí ire? Baálé ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ara ìyá ńkọ́? Ọjà ńkọ́? Wọn kì í dúró gbọ́ ìdáhùn gígùn, àmọ́ etí wọn wà nílẹ̀. Ẹni tí ọjà ò tà fún á dáhùn ti baálé, á dáhùn ti ọmọ, á wá fo ti ọjà kọjá. Ẹni tó mọ̀ ọ́n dáadáa á gbọ́ ibi tó fò, bó bá sì di ọjọ́ kejì, á yà sí ìsọ̀ rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ gbogbo ilé" tí a ń kọ sí gúrúùpù kò lè ṣe irú iṣẹ́ yẹn, torí kò bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Èèyàn 20 á dáhùn pé "ẹ káàárọ̀ o", ẹnikẹ́ni ò sì ní mọ̀ pé àwọn méje ò dáhùn. Ẹ máa dárúkọ. "Ìyá Ìbejì, ẹ kú ojúmọ́, ṣé ẹsẹ̀ yẹn ti fúyẹ́?" Èyí ṣe èèyàn láǹfààní ju àwòrán òdòdó tí wọ́n kọ àdúrà sí lára lọ.

Ọ̀rẹ́ wa kan ń ta àǹkárá ní Gbági, n'Íbàdàn. Ẹni tó bá sọ̀rọ̀ Chelsea láìdáa, òun ló máa ń kọ́kọ́ dá a lóhùn, tìjà tìjà. Ìgbà kan wà tí Chelsea fìdí rẹmi, gbogbo wa ń retí ọ̀rọ̀ rẹ̀, a ò gbọ́ nǹkan kan. Ẹni tó máa ń bá a jà lórí bọ́ọ̀lù ló sọ pé èyí ò jọ tirẹ̀ o, ló bá pè é. Ọsibítù ni wọ́n wà, àrùn rọpárọsẹ̀ ti gbé ọkọ rẹ̀ dè, kò sì sẹ́ni tó lè bá a sun ibẹ̀ kó fi lọ wo àwọn ọmọ nílé. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn méjì nínú wa dé ibẹ̀. Tó bá jẹ́ pé a ti fòfin de bọ́ọ̀lù ni, kí la fẹ́ fi mọ̀ pé ó dákẹ́?

* * *

ÈSÌ KEJÌ

"Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́." Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti fi òwe yìí dá mi lóhùn. Òótọ́ wà nínú rẹ̀ fún ẹni tó ń dákẹ́. Kí ọ̀rẹ́ máa fi gba ara rẹ̀ sílẹ̀ ni mi ò fara mọ́.

Ẹ ro ohun tó ń pa èèyàn lẹ́nu mọ́. Ọkùnrin tó jẹ́ pé òun ló máa ń dá owó tó pọ̀ jù nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì dùn, báwo ló ṣe fẹ́ yí padà di ẹni tí a ń dá owó fún? Obìnrin tí ìyàwó àbúrò ọkọ rẹ̀ wà nínú gúrúùpù kan náà, kí ló fẹ́ kọ síbẹ̀ nípa ilé rẹ̀? Ọ̀rọ̀ tó bá ti wọ fóònù 27 ti di ọ̀rọ̀ ìta. Ẹnì kan á ya àwòrán rẹ̀, á fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé "ẹ bá mi gbàdúrà fún ọ̀rẹ́ mi yìí", kò sì ní ibi kankan lọ́kàn. Kó tó dọ̀la, ará ṣọ́ọ̀ṣì ti gbọ́.

Ohun tí a ń ṣe lọ́dọ̀ tiwa nìyí. A yan èèyàn mẹ́ta tí gbogbo ilé mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kì í jáde lẹ́nu wọn. Obìnrin méjì, ọkùnrin kan, ọ̀kan nínú wọn kì í sì í ṣe ẹni tó lówó rárá. Ẹni tí nǹkan bá ṣe á kọ̀wé sí èyí tó bá wù ú nínú wọn, ní kọ̀rọ̀. Ìyẹn á wá sọ fún gbogbo wa pé, "Ẹnì kan nínú wa nílò 80,000 náírà kó tó di ọjọ́ Jímọ̀ fún owó ìdánwò ọmọ." Kò dárúkọ.

Awuyewuye rẹ̀ kò kéré. Àwọn kan ní kò sí bí àwọn ṣe lè dá owó fún ẹni tí àwọn ò mọ̀. Èmi rò pé ẹ̀tọ́ wọn ni láti sọ bẹ́ẹ̀ bí owó bá pọ̀. Owó ilé, owó iṣẹ́ abẹ, èyí tó ń wọ ọ̀kẹ́ àìmọye, kí wọ́n gba àṣẹ lẹ́nu ẹni náà kí wọ́n dárúkọ rẹ̀. Owó oúnjẹ, owó ọkọ̀, owó oògùn, ẹ má bèèrè orúkọ. Ẹni tí kò bá lè fọkàn tán àwọn mẹ́ta tó yàn, kó yan ẹlòmíràn.

* * *

ÈSÌ KẸTA

Ẹ jẹ́ ká wá sórí àkọsílẹ̀ orúkọ yìí, torí òun ló ń tú gúrúùpù ká jù.

Ẹ mọ bó ṣe ń lọ. Akápò á to orúkọ láti 1 dé 27, á kọ iye síwájú wọn. Ẹni àkọ́kọ́ 50,000. Ẹni kejì 20,000. Bí ẹnì kan bá tún ti san, wọ́n á tún àkọsílẹ̀ náà gbé síta, orúkọ àwọn tí kò tíì san á máa dúró níbẹ̀ lófìfo. Àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ ní ìdí méjì: ó ń fi hàn pé akápò kò kó owó jẹ, ó sì ń tì àwọn ọ̀lẹ. Ìdí kìíní, mo gbà á tọkàntọkàn. Owó àwùjọ tí kò ní àkọsílẹ̀ á dá ìjà sílẹ̀ bópẹ́ bóyá. Èkejì ni mo ta kò.

Níbi ìnáwó, a máa ń ké orúkọ ẹni tó bá fi owó sílẹ̀, ìlù á dún sí i, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, ayọ̀ ni. Ti ìyọnu yàtọ̀. Ẹ wo ẹni tó ní 1,000 náírà péré, tó mọ̀ pé wọ́n máa kọ ọ́ sí abẹ́ 50,000. Dípò kó fi 1,000 yẹn ránṣẹ́, á dákẹ́. Nígbà tí orúkọ rẹ̀ bá sì ti wà lófìfo fún ọ̀sẹ̀ méjì, ojú á máa tì í láti kí ẹnikẹ́ni. Láti 2022 ni WhatsApp ti ṣe é kí èèyàn lè rọra kúrò nínú gúrúùpù, tó jẹ́ pé ádímìn nìkan ni ìròyìn rẹ̀ ń kàn lójú ẹsẹ̀. Mo jẹ́ ádímìn, mo sì ti rí i pé lẹ́yìn irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni àwọn èèyàn máa ń rọra lọ. Àwọn tó lọ yẹn ló sábà máa ń jẹ́ àwọn tí ọ̀rọ̀ kan jù. À ń dá owó fún ẹnì kan, à ń pàdánù ẹlòmíràn lábẹ́lẹ̀.

Ẹ ṣe é báyìí: kí èèyàn méjì jọ máa rí bí owó ṣe ń wọlé. Kí wọ́n sọ àròpọ̀ rẹ̀ fún gbogbo ilé, pé 143,000 ló wọlé, a ti fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́, ẹ̀rí rẹ̀ rèé. Kí ẹni tó gbà á fúnra rẹ̀ kọ ọ́ pé ó dé ọwọ́ òun. Kí akápò dúpẹ́ lọ́wọ́ olúkúlùkù ní kọ̀rọ̀, pẹ̀lú iye tó san, kí ẹni náà lè mọ̀ pé wọ́n kọ tòun sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ yẹ ìwé wò, kó wá wò ó lọ́dọ̀ àwọn méjèèjì.

Ẹ̀gbọ́n kan tó kọ̀wé láti Ìlọrin ní bí a bá yọ orúkọ kúrò, owó ò ní jáde mọ́. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, tiwa ò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń dá owó ńlá torí kí ẹgbẹ́ lè rí i dín owó wọn kù lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń dá ẹgbẹ̀rún kan, ẹgbẹ̀rún méjì, wọ́n pọ̀ sí i, wọn kì í sì í pẹ́ kí wọ́n tó san án.

* * *

ÈSÌ KẸRIN

Mo rí i pé ẹ ti ń bèèrè ohun tó lè rọ́pò dídá owó ní gbogbo ìgbà tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Èsúsú ni.

Samuel Johnson kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ ní 1921: iye kan náà ni olúkúlùkù ń dá, lọ́jọ́ tí wọ́n jọ fi àdéhùn sí, wọ́n á sì máa kó gbogbo rẹ̀ fún ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn ará Trinidad ṣì ń ṣe é, susu ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Àáró tí àwọn baba wa ń ṣe lóko, ọ̀nà kan náà ló gbà: lónìí a jọ ro tìrẹ, lọ́jọ́ mìíràn a dé oko tèmi. Kò sẹ́ni tó ń tọrọ nínú rẹ̀. Ìyẹn ló jẹ́ kí n fẹ́ràn rẹ̀ fún àwọn ọ̀rẹ́, torí ẹni tó gbà á, ìpín ara rẹ̀ ló gbà, kò ní láti fi ojú wọ́lẹ̀ kọjá lára ẹnikẹ́ni.

Ẹ má fi ṣe ti alájọ o. Alájọ tó ń gba owó lójoojúmọ́, tó ń mú ti ọjọ́ kan nínú oṣù gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ rẹ̀, owó rẹ ló ń bá ọ tọ́jú. Kò ní fún ọ ju ohun tí o fi sọ́wọ́ rẹ̀ lọ. Èsúsú ló lè fún ọ ní owó oṣù mẹ́wàá tó ń bọ̀ lónìí.

Ká ní èèyàn 20 ló fara mọ́ ọn, 5,000 lóṣù. Ìyẹn á jẹ́ 100,000 fún ẹnì kan lóṣù kọ̀ọ̀kan. Ẹ wá fi òfin kan kún un: ẹni tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ sí, bíi kí iṣẹ́ bọ́, kí àìsàn dé, kí òfò ṣẹ̀, á gba ipò ẹni tó kàn, ẹni tó kàn á gba ipò tirẹ̀. Gbà mí lójò, kí n gbà ọ́ lẹ́ẹ̀rùn. Ẹ̀yin náà lè rí i pé ọ̀rẹ́ yín ará Ìkòròdú ì bá ti gba owó tirẹ̀ ní oṣù tí iṣẹ́ bọ́, tó bá jẹ́ pé irú rẹ̀ wà nílẹ̀.

Ibi tó ti ń dàrú ni ẹni tó bá gbà á ní ìbẹ̀rẹ̀ tí kò wá san mọ́. Ẹ má tàn ara yín, ó máa ṣẹlẹ̀, àní láàárín ọ̀rẹ́. Kí ẹni tó bá fẹ́ gbà á ṣáájú ní onídùúró kan nínú ẹgbẹ́, tí òun náà kò tíì gba tirẹ̀. Bí ẹni náà ò bá san, a ó yọ ọ́ lára ìpín onídùúró. Àwọn kan ní èyí le jù fún ọ̀rẹ́. Mo rí àríyànjiyàn yẹn, mi ò sì lè dá a lẹ́jọ́ fún gbogbo ẹgbẹ́. Lọ́dọ̀ tiwa, a ṣì ń lo òfin onídùúró, ṣùgbọ́n ẹni tí òfò bá ṣẹ̀, a kì í bèèrè onídùúró lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹni tí 5,000 bá pọ̀ jù fún, ẹ má jẹ́ kó rò pé òun ò sí nínú ẹgbẹ́. Kí èsúsú ní gúrúùpù tirẹ̀, kí ibi tí a ti ń kí ara wa wà lọ́tọ̀.

* * *

ÈSÌ KARÙN-ÚN

Ọ̀rọ̀ kékeré kan. Kí ẹ tó sọ pé ẹnì kan ń gbéraga, pé kì í dáhùn, ẹ rántí dátà. Oṣù kìíní 2025 ni àjọ NCC, tó ń bójú tó àwọn ilé iṣẹ́ fóònù ní Nàìjíríà, fọwọ́ sí i pé kí àwọn ilé iṣẹ́ fóònù lè fi tó ìdá 50 nínú 100 kún owó ìpè àti dátà. Ọ̀pọ̀ ló ti dín ìgbà tí wọ́n ń ṣí WhatsApp kù. Fídíò ìṣẹ́jú márùn-ún tí a ń kó síbẹ̀ ń jẹ dátà wọn bí fóònù wọn bá ń gbà á sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ ra dátà fún un, ẹ sì tẹ̀ ẹ́ láago. Ẹ má fi í ṣe ọ̀rọ̀ ní gúrúùpù.

* * *

ÈSÌ KẸFÀ

Ẹnì kan bèèrè pé báwo la ṣe máa mọ̀ pé ọ̀rẹ́ wa gan-an ló ń tọrọ owó. Ìbéèrè tó yẹ ni. Àwọn oníjìbìtì máa ń pe èèyàn pé àwọn ń fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún ìpàdé kan tàbí ẹ̀bùn kan, kó ka nọ́ńbà 6 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ fóònù rẹ̀ fún àwọn. Nọ́ńbà yẹn ni WhatsApp fi ń mọ onífóònù. Bó bá ti kà á, WhatsApp rẹ̀ ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúkọ rẹ̀ tọrọ owó lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ jù.

Òfin tiwa: a kì í fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ láìgbọ́ ohùn. Ẹ pè é lórí ìlà fóònù gan-an, kì í ṣe lórí WhatsApp. Ẹ wo orúkọ tó wà lára àkáǹtì náà. Bó bá yàtọ̀ sí orúkọ ọ̀rẹ́ yín, ẹ dúró. Kí olúkúlùkù sì fi nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ kejì sí WhatsApp rẹ̀, nínú ètò ààbò rẹ̀ ló wà, kò gba àkókò.

Àwọn kan ní pípe ẹni tó ń tọrọ owó láti dán an wò ń dójú tì í. Ẹni tó wà nínú ìṣòro ń fẹ́ gbọ́ ohùn èèyàn ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú owó. Ẹ kí i, ẹ bèèrè ilé.

* * *

ÈSÌ KEJE

Ní ti àwọn ọ̀rẹ́ tó wà lókè òkun, tí ẹ̀ ń bínú sí pé wọ́n ń fi owó ṣe ọ̀gá lórí yín.

Mo ti gbọ́ tẹnu àwọn tilé: wọ́n á fi owó ránṣẹ́, wọ́n á wá fẹ́ pàṣẹ bí a ṣe máa ná an. Mo ti gbọ́ tẹnu àwọn tòkun náà: ìgbà tí owó bá kù nìkan ni wọ́n ń rántí wa, kò sẹ́ni tó ń bèèrè bóyá a ti jẹun. Òótọ́ ni wọ́n ń sọ ní ọ̀tún àti ní òsì, ṣùgbọ́n ti èkejì ló dùn mí jù. Ọ̀rẹ́ wa kan ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Bìrìtéènì, iṣẹ́ òru. Ó ní òun lè ṣe ọ̀sẹ̀ odidi láìgbọ́ Yorùbá lẹ́nu ẹnikẹ́ni, àfi nínú gúrúùpù wa. Nígbà tí àwa ń jà lórí bí a ṣe ń se ẹ̀fọ́ rírò, òun ń ka gbogbo rẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì ní àárọ̀ kùtù, ó ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọ̀rọ̀ lásán ò wúlò, ẹ bèèrè lọ́wọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Ohun kan wà tí wọ́n ní tí àwa tilé ò ní: wọ́n ń jí nígbà tí a bá ń sùn. Bí aago méjìlá òru bá lù ní Nàìjíríà, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni ní Houston, l'Amẹ́ríkà, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tiwọn, aago márùn-ún nígbà òtútù. Ọ̀rẹ́ wa Gbági tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ní àwọn òru tó fi jókòó ti ọkọ rẹ̀, ẹni tó wà ní Houston ló ń bá a sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ń mọ́. Wọn ò sọ ọ̀rọ̀ àìsàn púpọ̀. Ọ̀rọ̀ olùkọ́ ìṣirò wa àtijọ́ ni wọ́n ń sọ, àti ta ló fẹ́ ta nígbà yẹn. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún wa lẹ́yìn náà pé ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn ni kò jẹ́ kí òun bú sẹ́kún níwájú àwọn nọ́ọ̀sì.

Nítorí náà, bí ẹ bá ní ọ̀rẹ́ lókè òkun, ẹ má fi wọ́n sí ìdí owó nìkan. Ẹ yan òru fún wọn.

* * *

ÈSÌ KẸJỌ

Arábìnrin kan bi mí ní kọ̀rọ̀, ó sì gbà kí n dáhùn níbí: ọ̀rẹ́ wọn kan pàdánù oyún oṣù mẹ́fà, gbogbo gúrúùpù kọ "omi ló dànù, agbè ò fọ́", ọ̀rẹ́ náà sì ti pa fóònù rẹ̀. Ṣé ohun tí wọ́n kọ kò dáa ni?

Ó dáa lẹ́nu ìyá tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, tó di ọwọ́ rẹ̀ mú, tó sì ti bá a fọ aṣọ tó kù nílẹ̀. Àdúrà ni, ìgboyà sì wà nínú rẹ̀. Nígbà tí fóònù bá ń dún tìn-ìn, tìn-ìn, tó jẹ́ gbólóhùn kan náà látọwọ́ èèyàn 20, ọ̀fọ̀ náà á máa tún bẹ̀rẹ̀ fún un ní gbogbo ìgbà tó bá dún. Kí ẹnì kan ṣoṣo sọ̀rọ̀ ìtùnú ní orúkọ gbogbo ilé. Kí àwọn tó kù wá ohun tí ọwọ́ lè ṣe: ta ló máa mú ọmọ rẹ̀ àgbà lọ sí ilé ìwé lọ́sẹ̀ yìí? Ta ló máa gbé ọbẹ̀ lọ? Ta ló máa sọ fún ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́? Kí ẹ sì bi ọkọ rẹ̀ bí ara tirẹ̀ ṣe ń ṣe. Òun náà sọ ọmọ nù.

Ní ti àkókò, ibẹ̀ ni mo rò pé gbogbo wa ti máa ń kùnà ọ̀rẹ́. Àwọn èèyàn máa ń kún ilé olóòkú títí di ọjọ́ kẹjọ, àwọn Mùsùlùmí á ṣe fídáù, tẹbí tará á pé jọ. Lẹ́yìn ìyẹn kálukú á gba ilé rẹ̀ lọ, ilé á sì pa rọ́rọ́. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹni tó máa pè é lọ́sẹ̀ kẹta, ẹni tó máa lọ kí i ní oṣù kejì, ẹni tó máa rántí ọjọ́ ìbí olóògbé. Iṣẹ́ ni. A máa ń pín in bí a ṣe ń pín ẹni tó máa gbé ìrẹsì wá síbi ìpàdé.

Àti ẹ̀fẹ̀? Wọ́n máa ń jà lórí rẹ̀ ní gbogbo ìgbà: ọjọ́ mélòó ni ká má ṣe ẹ̀fẹ̀ nígbà tí ẹnì kan ń ṣọ̀fọ̀? Èmi ò fi ọjọ́ sí i. A máa ń dákẹ́ ní ọjọ́ tí a gbọ́, lẹ́yìn náà ọ̀kan nínú àwa tó sún mọ́ ọn á bi í pé, "Ṣé kí wọ́n ṣì dákẹ́ ni?" Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹni náà á sọ pé rárá, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa sọ̀rọ̀, mo ń kà á.

* * *

ÈSÌ KẸSÀN-ÁN

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ Ìkòròdú, torí a ti rìn jìnnà, òun sì wà níta.

Ìkòròdú wà lábẹ́ òfin ilé gbígbé ti Ìpínlẹ̀ Èkó, èyí tí wọ́n ṣe ní 2011. Ayálégbé tó ń san owó ọdọọdún, bí ìwé àdéhùn wọn kò bá sọ nǹkan mìíràn, oṣù mẹ́fà ni onílé gbọ́dọ̀ fi ṣe ìkìlọ̀ fún un. Lẹ́yìn ìyẹn, á tún fún un ní ìwé ọjọ́ méje pé òun ń lọ sí kóòtù láti gba ilé òun. Kóòtù ló ń sọ pé kó jáde. Onílé kò ní ẹ̀tọ́ láti fúnra rẹ̀ kó ẹrù ẹnikẹ́ni síta, ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin náà, àní bí ayálégbé bá jẹ owó ilé. Mi ò mọ irú àdéhùn tó wà láàárín wọn. Ẹ wo ìwé owó ilé tó gbà kẹ́yìn, bóyá ti oṣooṣù ni tàbí ti ọdọọdún, torí òfin ò fi iye àkókò kan náà fún wọn. Ẹ wò ó bóyá wọ́n fún un ní ìwé kankan. Ọ̀rọ̀ báyìí, ibi tí wọ́n ń pè ní Citizens' Mediation Centre ti ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó máa ń bá onílé àti ayálégbé parí rẹ̀, wọn kì í gba owó. Bí ọ̀kan nínú ẹ̀yin 27 bá jẹ́ lọ́yà, iṣẹ́ rẹ̀ dé nìyẹn, kò sì ná yín ní kọ́bọ̀.

Kí ẹ má sì gbà kí onílé tuntun gba owó ọdún méjì lọ́wọ́ rẹ̀. Òfin kan náà kò fàyè gbà á láti gba ju ti ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Mo mọ̀ pé wọ́n ń gbà á. Ẹni tó dá lọ kì í lè jiyàn rẹ̀, àmọ́ bí ọ̀rẹ́ méjì bá tẹ̀ lé e lọ, ọ̀rọ̀ á yàtọ̀.

Ta ni kó lọ? Kì í ṣe gbogbo yín. Kí èèyàn méjì lọ, kí ọ̀kan jẹ́ ẹni tó máa ń bá a ṣeré jù nínú gúrúùpù, kódà bí kò bá ní owó kankan lọ́wọ́. Ẹ má mú fóònù jáde ya àwòrán ẹrù rẹ̀ láti fi tọrọ owó. Ẹ bèèrè ibi tí àwọn ọmọ ń sùn, ibi tí ẹrù wà, bóyá òjò lè pa á. Ẹ bá a wá ibi tí ẹrù máa sùn kó tó di alẹ́. Ti owó á tẹ̀ lé e.

Bí ẹ kò bá mọ ohun tí ẹ máa kọ sí i kí ẹ tó dé ibẹ̀, ẹ gba èyí, kí ẹ sì yí i padà sí bí ẹ ṣe máa ń bá a sọ̀rọ̀: "Ọ̀rẹ́ mi, a ti gbọ́. Èmi àti ẹnì kan péré ló ń bọ̀ lọ́la ní aago mẹ́wàá, a fẹ́ bá ọ gbé ẹrù. Kò pọn dandan kó o ṣàlàyé nǹkan kan, sáà sọ ibi tí a ti lè pàdé rẹ."

Ẹ má bi í pé kí ló dé tí kò sọ. Ó ṣeé ṣe kó sọ fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn, ó sì ṣeé ṣe kó má sọ ọ́ láé.

Ìbò tí ẹ fẹ́ dì lọ́jọ́ Àìkú, ẹ sún un síwájú títí á fi rí ilé. Ọmọ ẹgbẹ́ ni, òun náà ní ìbò.